Dígí Abẹ́ Fíríìjì

"Ẹ gbà á, Dókítà, kò pọ̀," ni Àmúdàtù wí bó ṣe gbé iṣu méjì kalẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ tábìlì. "Mo ní kí n má lọ sí Kòró láìdúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

Abíọ́nà gbé ojú kúrò lára àwọn abẹ́rẹ́ tó ń sè nínú ìkòkò kékeré lórí iná èédú. Kì í ṣe dókítà. Dírẹ́sà ni, ẹni tó ń fọ ojú egbò, tó ń di bándéèjì, tó sì ń gún ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn oníyàrá méjì tó wà ní Òkè-Àgbọn, abúlé kan láàárín Ọ̀sì àti Ọ̀bọ Ayégúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí dókítà gidi kankan nítòsí, orúkọ náà sì ti lẹ̀ mọ́ ọn láti bí ọdún mẹ́wàá. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣàtúnṣe rẹ̀ fún wọn. Láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún sẹ́yìn, bí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe é bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè, tí ẹni náà ò sì sí nílé.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Kòró?"

"Àbúrò mi ló bímọ. Ọjọ́ Àìkú ni ìkómọ. Ọ̀túnla ni mo máa wọ bọ́ọ̀sì àárọ̀."

"O gbọ́ pé èèyi wà níbẹ̀."

Àmúdàtù rẹ́rìn-ín. "Orin tí ìyá ọkọ mi ń kọ láti àná nìyẹn. Wọ́n ní ọmọ mẹ́ta ló ti bá a lọ ní agboolé kan ṣoṣo. Mo ní, 'Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, àwọn yẹn ò gba abẹ́rẹ́. Tiwa ti gbà á, Dókítà ló fọwọ́ ara wọn gún un.' Wọn ò rí èsì fọ̀." Ó yí ẹ̀yìn sí i díẹ̀ kí ọmọ tó pọ̀n lè rí ọkùnrin náà. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Bilikis? Kí Dókítà."

Bilikis, ọmọ oṣù mẹ́wàá, na ọwọ́ sí bírò tó wà lápò ẹ̀wù Abíọ́nà. Abíọ́nà jẹ́ kó fà á.

"Jẹ́ ká rí káàdì rẹ̀," ó wí.

Kò sí ohun tó fẹ́ wò níbẹ̀ tí kò mọ̀. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́: èèyi, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kìíní, ọdún 1984. Ìkọ̀wé náà mọ́, ó gún régé. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n lọ́jọ́ náà.

"Ṣé dandan ni kí o gbé e lọ?"

"Ta ni mo fẹ́ fi í tì? Ó ṣì ń mu ọmú." Ó wá wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Àbí nǹkan kan wà ni, Dókítà?"

Omi inú ìkòkò ń hó. Abíọ́nà dá káàdì náà padà fún un.

"Kò sí," ó wí. "Mo kàn ń bèèrè ni. Bá mi kí wọn."

Ohun kan wà nínú ilé ìwòsàn yẹn tí Abíọ́nà fẹ́ràn bí ẹni fẹ́ràn ènìyàn: fíríìjì. Kò sí iná mànàmáná ní Òkè-Àgbọn, kẹrosíìnì ni fíríìjì náà ń jẹ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e dé, àwọn àgbà abúlé wá wòran, wọ́n ní irọ́ ni, iná kì í bí òtútù. Abíọ́nà náà ò gbà á gbọ́, àfi lẹ́yìn tó ti jókòó ti ìwé aláwòrán tó bá a wá fún odindi oṣù méjì. Ìwé mẹ́fà ló kà mọ, ṣùgbọ́n kò tíì rí ẹ̀rọ tó ní ìdè tí kò fẹ́ tú wò. Ó wá yé e. Àtùpà kékeré kan wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn fíríìjì náà. Iná rẹ̀ ń se oògùn olómi kan nínú páìpù; oògùn náà á di èéfín bíi ti omi híhó, á gòkè, á tún di omi, á máa ṣàn padà wálẹ̀. Bó bá ti ń gba inú àpótí kọjá tó sì ń gbẹ, á gbé ooru ibẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ bí omi tó ń gbẹ lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ṣe máa ń mú kí òtútù mú un. "Iná náà ò bí òtútù," bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá bèèrè. "Ó kàn ń lé ooru jáde nílé ni."

Iná náà gbọ́dọ̀ jẹ́ búlúù, kò gbọdọ̀ ga ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bó bá pọ́n, á mú èéfín wá, èéfín á sì dí ọ̀nà ooru. Ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, kó wo dígí pẹlẹbẹ kan tí àwọn tó ṣe é dè mọ́ abẹ́ ibẹ̀. Inú dígí yẹn ni iná ti ń hàn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni Abíọ́nà ń kúnlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀ ná, ibẹ̀ náà ló ti ń gbàdúrà rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí méjèèjì di ọ̀kan.

Láti oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá ni owó oṣù kò ti wọlé mọ́. Owólabí, akọ̀wé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, fara dà á títí di oṣù kọkànlá, ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Èkó lọ.

"Dókítà, ta lò ń ṣiṣẹ́ fún gan-an?" ó bi Abíọ́nà níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. "Àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ti gbàgbé rẹ."

"Iná yẹn ò gbàgbé mi. Bí mo bá kúrò níbẹ̀, á kú."

"Ó dáa. Kí o máa fi iná jẹ iyán."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká abúlé. Ní ìsìn òpin ọdún, pásítọ̀ ní kí Abíọ́nà jáde wá jẹ́rìí. Ó dúró níwájú ìjọ, ó ní oṣù márùn-ún rèé tí òun ò gbowó, ṣùgbọ́n Ẹni tó fi òun síbẹ̀ kò jẹ́ kí iná òun kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Di báyìí, bó bá rántí àtẹ́wọ́ yẹn, etí rẹ̀ á gbóná.

Nínú oṣù kìíní ni wọ́n sin bàbá ìyàwó rẹ̀ ní Ìlọ́fà. Àwọn ọmọ olóògbé wálé láti Kàdúná àti Èkó. Àwọn àgbà ẹbí pín ẹrù fún àwọn àna gẹ́gẹ́ bí àṣà: ọkọ àkọ́bí, màlúù; ọkọ ìkejì, ìrẹsì àti ohun mímu. Nígbà tó kan Abíọ́nà, tí gbogbo wọn mọ̀ pé kò gbowó oṣù, wọ́n ro tirẹ̀ mọ níwọ̀n: ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fún un. Àtùpà gáàsì méjì fún àìsùn òkú, pẹ̀lú kẹrosíìnì tí wọ́n á mu mọ́jú. Àánú ni wọ́n fi ṣe é. Wọn ò mọ̀ pé kẹrosíìnì ti wọ́n bí ojú ní gbogbo agbègbè náà lọ́sẹ̀ yẹn.

Abíọ́nà wá a dé Ọ̀sì, ó wá a dé Ọ̀bọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fa ti fíríìjì. Kò fà á tán o. Ó ti igi wọnú táǹkì, ó wọ̀n ọ́n: ìka mẹ́jọ. Ìka kan ni iná náà ń mu lójúmọ́, ọdún méjì ló ti fi ń wọ̀n ọ́n. Ó fa ìka mẹ́rin, ó fi mẹ́rin sílẹ̀. Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú, kí òun sì ti dé láàárọ̀ Ajé. Á tó, á tún ṣẹ́kù.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé táǹkì náà kò gún láti òkè délẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fún wọlé bí ìdí ìkòkò. Kò tíì jẹ́ kí epo fà tó bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ pé ìka ìsàlẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìka òkè. Mẹ́rin tó fi sílẹ̀ kò ju ti ọjọ́ méjì lọ. Nígbà tó padà dé láàárọ̀ Ajé, tó kúnlẹ̀, dúdú ni dígí náà.

Tẹ̀mómítà inú fíríìjì wà lórí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Kò yẹ kó kọjá mẹ́jọ. Yìnyín ti yọ́, omi rẹ̀ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, àwọn ìgò kéékèèké tí oògùn èèyi wà nínú wọn sì ń léfòó níbẹ̀. Oògùn yẹn kì í bàjẹ́ kó rùn. Kì í yí àwọ̀ padà, kì í sì í pa ọmọ lára. Ó kàn máa ń di omi lásán ni, ojú ò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ajé yẹn gan-an sì ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Obìnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn kan ti fẹsẹ̀ rìn láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Gbólóhùn kan péré ló yẹ kó sọ: ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á bèèrè ìdí. Ìdí sì ni pé ọkùnrin tí iná rẹ̀ kì í kú ti fi epo iná náà tan òkú àna rẹ̀ lọ sílé. Abíọ́nà po oògùn náà. Ó gún ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ, ó ṣí ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n òtútù sí, ó kọ "4" síwájú Àbámẹ́ta, ó kọ "4" síwájú Àìkú, ó kọ "4" síwájú Ajé.

Kẹrosíìnì oṣù tuntun dé lọ́jọ́ kejì, iná náà ń jó padà. Ó ń kúnlẹ̀ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àdúrà nìkan ni kò wá mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Àmúdàtù gbé iṣu wá, Fúnmilọ́lá, ìyàwó Abíọ́nà, ti mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí bẹ iṣu náà.

"Má bẹ ẹ́," Abíọ́nà wí.

"Kí la fẹ́ jẹ? Ẹ̀bà ni láti ọjọ́ Ajé."

"Ká jẹ ẹ̀bà."

Fúnmilọ́lá fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá Ọláìtán, láti ìgbà tí a ti ti Ìlọ́fà dé, ẹ ò gbàdúrà sóúnjẹ mọ́. Mo ní bóyá ọ̀fọ̀ bàbá mi ni. N kò rò pé ẹ fẹ́ràn bàbá mi tó bẹ́ẹ̀. Kí ló wà lára iṣu?"

Ó sọ ọ́ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí táǹkì, bó ṣe fún nísàlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yà á sí afẹ́fẹ́, ó ń ṣàlàyé ìka òkè àti ìka ìsàlẹ̀, títí Fúnmilọ́lá fi ní, "Ẹ fi táǹkì sílẹ̀. Kí lẹ ṣe lọ́jọ́ Ajé?"

Ó sọ ìyẹn náà. Kò gùn tó ti táǹkì.

Fúnmilọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Epo tí wọ́n fi tan iná yí bàbá mi ká nìyẹn."

"Òun ni. Ká ní mo dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfo, wọn ì bá ní—"

"Ẹ má fi bàbá mi bo ara yín. Mo ní kí ẹ wá iná wá. N ò ní kí ẹ gún ọmọ ọlọ́mọ lómi. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ Ẹtì kọ́ ló ń dà yín láàmú, ọ̀rọ̀ àárọ̀ Ajé ni." Ó fi ẹsẹ̀ ti iṣu náà sápá kan. "Àmúdàtù yìí ńkọ́?"

"Ọ̀túnla ló ń lọ sí Kòró."

"Pẹ̀lú ọmọ?"

"Pẹ̀lú ọmọ."

"Ẹ sì jókòó síbí."

"Bí mo bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ tó dáa, mo ní láti gba oògùn lọ́dọ̀ Sísítà tó ń pín in fún wa. Bí mo bá bèèrè oògùn, Sísítà á bèèrè èyí tó fún mi tẹ́lẹ̀. Wọ́n á lé mi, Fúnmilọ́lá."

"Kúrò níbi iṣẹ́ wo?" Fúnmilọ́lá wí. "Èyí tí wọn ò sanwó rẹ̀ láti oṣù méje?"

Ẹ̀rín mú Abíọ́nà, ẹ̀rín tí kò dùn. Fúnmilọ́lá kò bá a rín in. Ó dìde lọ ro ẹ̀bà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Ẹtì, Abíọ́nà gbé fíláàsì ńlá àti ìwé ìwọ̀n òtútù, ó gun kẹ̀kẹ́ dé Ọ̀sì, ó sì wọ ọkọ̀ lọ bá Sísítà Adéyẹyè, nọ́ọ̀sì àgbà tó ń bójú tó gbogbo ilé ìwòsàn kéékèèké agbègbè náà. Obìnrin tó máa ń to bírò rẹ̀ ní ìlà ni, tí kì í gbé ohùn sókè. Ó gbọ́ ọ parí, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Ọmọ mélòó?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé náà." Ó wo "4" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìgbà pípẹ́. "Ọ̀gbẹ́ni Abíọ́nà, ìwé yín ni mo máa ń fi han àwọn yòókù. Mo máa ń ní, ẹ wo bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú fíríìjì." Ó na bírò sí i. "Ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gbà á kọjá. Ẹ má pa á rẹ́. Ẹni tó bá kà á gbọ́dọ̀ lè rí èyí tẹ́ ẹ kọ tẹ́lẹ̀."

Ó fa ìlà náà. Ó kọ "27" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ajé. Sí ti Àbámẹ́ta àti ti Àìkú, ó kọ pé òun ò sí níbẹ̀. Ó bu ọwọ́ lù ú.

"Mo máa kọ lẹ́tà," Sísítà wí. "N ò lè má kọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá ṣe sí i, n ò mọ̀." Ó dìde, ó ṣí fíríìjì tirẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìgò oògùn sínú yìnyín nínú fíláàsì náà. Láìyíjú sí i, ó ní, "Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé abẹ́rẹ́ kejì ni. Pé ìjọba ní kí ọmọ gbogbo gba ìkejì."

Abíọ́nà rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Mà?"

"Ọdún mẹ́rin la fi bẹ àwọn ìyá yìí kí wọ́n tó máa kó ọmọ wá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé omi la gún fún wọn, mélòó ló máa padà wá? Ọmọ tí kò bá wá ló ń kú, Ọ̀gbẹ́ni Abíọ́nà. Ẹ̀rí ọkàn yín kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi fúyẹ́. Ọ̀nà wà. Oògùn á wọ ara àwọn ọmọ, lẹ́tà á lọ sílùú òkèèrè, àtẹ́wọ́ òpin ọdún á sì wà bó ṣe wà. Ó gbé fíláàsì sórí ẹsẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń rò ó bó ṣe máa sọ ọ́. Abẹ́rẹ́ kejì. Ìjọba ló ní kí wọ́n wá gbà á.

Ó ti dé Ọ̀sì, ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kó tó rántí bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó ti fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá tó tó ọgọ́rùn-ún ni: abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ara ọmọ tó kọ́ bí yóò ṣe bá àrùn náà jà. Bí òun bá gún Bilikis láàárọ̀ ọ̀la tí òun sì pè é ní ìkejì, Àmúdàtù á dúpẹ́, á wọ bọ́ọ̀sì, á gbé ọmọ tí kò ní ààbò kankan wọ agboolé èèyi ní Kòró, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ nínú ìkíní. Kò sí bí òun ṣe lè dá a dúró láìsọ fún un pé omi ni ìkíní.

Abíọ́nà sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ó wà lójú ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ kan lórí fíláàsì, bí ẹni ń dúró kí ènìyàn kan kọjá. Lẹ́yìn náà, ó tún gùn ún, ó yà sọ́dọ̀ lèmámù, ó sì yà sọ́dọ̀ pásítọ̀. Ó bẹ àwọn méjèèjì kí wọ́n kéde pé kí gbogbo ìyá tó gba abẹ́rẹ́ èèyi lóṣù kìíní kó ọmọ wọn wá láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí bọ́ọ̀sì Kòró tó kọjá.

Mẹ́rìnlélógún ló wá. Àmúdàtù wà lára wọn, ó ti múra, ẹrù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bilikis wọ fìlà tuntun. Ìyá Salamot, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, ló jókòó síwájú pátápátá bíi ti àtẹ̀yìnwá, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun kọjá òun.

Abíọ́nà kò jókòó. "Abẹ́rẹ́ tí mo gún fún àwọn ọmọ yín lóṣù kìíní kò ní agbára," ó wí. "Iná fíríìjì ti kú kí n tó gún un. Mo mọ̀ pé ó ti kú. Èmi ni mo fa epo rẹ̀ lọ síbi òkú àna mi. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún yín, mo bá gún un bẹ́ẹ̀."

Ìyá Salamot ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Omi lo gún sára àwọn ọmọ wa?"

"Omi ni, Ìyá."

"Omi òjò ni, àbí ti kànga? Kí á kúkú mọ irú rẹ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́ lójijì. Lẹ́yìn náà ni ariwo sọ. Obìnrin kan ní òun ti gbé ọmọ òun dé Kòró lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Òmíràn ní òun ló pa ilé àti oko tì lọ́jọ́ náà. Àwọn mẹ́fà dìde, wọ́n pọn ọmọ wọn, wọ́n lọ. Ọ̀kan lára wọn ní, "Dókítà alátùpà, ó dàbọ̀." Abíọ́nà dúró síbẹ̀, ó jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dé etí òun.

Àmúdàtù nìkan ni kò pariwo. Ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀. "Níjẹta, mo bi yín," ó wí. "Mo ní, ṣé nǹkan kan wà. Ẹ ní kò sí."

"Mo parọ́ fún ọ."

"Ká ní àná ni mo fẹ́ lọ ńkọ́?"

Bọ́ọ̀sì Kòró dé lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ fun fèrè.

"Ìyá Bilikis, Kòró ò ní dúró dè wá o."

"Máa lọ," Àmúdàtù wí, kò yíjú. Wọ́n gbọ́ bí ọkọ̀ náà ṣe lọ títí dé orí òkè. "Níbo ni iṣu mi wà?"

Abíọ́nà wọlé, ó gbé e jáde. Ó ti so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wá láàárọ̀. "A ò fọwọ́ kàn án."

Àmúdàtù wo iṣu, ó wo ọkùnrin náà. "Ẹ gbé e kalẹ̀ ná." Ó tú ọmọ lẹ́yìn, ó gbé e fún Ìyá Salamot. "Iná yẹn dà?"

Ó mú un wọlé, ó fi ibẹ̀ hàn án. Àmúdàtù kúnlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìkómọ lára, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sìmẹ́ǹtì, ó wo inú dígí náà.

"Ó kéré," ohùn rẹ̀ ti abẹ́ fíríìjì wá.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

"Kí ló dé tó jẹ́ búlúù?"

"Bó bá pọ́n, èéfín á mú un. Kò ní lè lé ooru mọ́."

"Bó bá wá kú ńkọ́?"

"N ó sọ."

"Ẹ ti ní iná yín kì í kú rí. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló pàtẹ́wọ́ fún yín, a gbọ́ ọ dé mọ́ṣáláṣí." Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Àwa náà á máa wò ó."

Ó jáde, ó gba ọmọ rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù ọmọ náà sókè. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, Bilikis figbe ta. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn obìnrin tó kù ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kúnlẹ̀ síwájú fíríìjì kí wọ́n tó gbé ọmọ wá. Àwọn kan pẹ́ níbẹ̀. Ọmọ méjìdínlógún ló gbà á láàárọ̀ náà. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, Abíọ́nà gbé fíláàsì kọ́rùn, ó ń lọ láti ilé dé ilé bá àwọn tó kù. Ibì kan wà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ibì kan wà tí bàbá ọmọ ti ní kó tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ lójú àwọn àlejò òun kó tó lè gún un. Ó tún un sọ. Ó padà lọ sí ibi tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.

Láàárọ̀ Ajé, lẹ́tà kankan kò tíì dé. Iṣu méjèèjì ṣì wà níbi tí Àmúdàtù ti ní kó gbé wọn kalẹ̀ sí, Abíọ́nà kò mọ̀ bóyá tòun ni tàbí ti obìnrin náà. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì lọ pọn omi tó fẹ́ fi se abẹ́rẹ́. Nígbà tó padà wọlé, ó rí àtẹ́lẹsẹ̀ méjì níwájú fíríìjì, pẹ̀lú ìdí ìró àdìrẹ kan. Ìyá Salamot ni, ó ti dojú bolẹ̀ síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yìn yín."

"Fi ẹ̀yìn mi sílẹ̀." Ó yí orí díẹ̀ kí ojú rẹ̀ kejì náà lè rí i. "Ó ń jó. Búlúù ni. Mélòó ni nǹkan inú ibẹ̀ yẹn wí?"

Abíọ́nà ṣí fíríìjì, ó wo tẹ̀mómítà. "Márùn-ún, Ìyá."

"Jẹ́ kí n wò ó." Kò mọ nọ́ńbà kà, ṣùgbọ́n ó di ọwọ́ Abíọ́nà mú, ó dìde, ó wò ó. "Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Abíọ́nà dé bírò. Ó wá kúnlẹ̀ síbi tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.